Wọ́n ní àṣà wa ni: ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà àti ọmọ tí wọ́n mú lọ s'Èkó

Àbúrò mi kan tó ń gbé l'Òkè-Baálẹ̀ níbí l'Òṣogbo ló kọ̀wé sí mi. Ó ní nígbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ bímọ tí wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ló máa gbà, ẹ̀gbọ́n òun lọ yá ₦150,000 lọ́wọ́ obìnrin kan tó máa ń mú ọmọ lọ s'Èkó. Owó ò wá sí láti san. Ni obìnrin yẹn bá ní kó má ṣèyọnu, kó ṣáà jẹ́ kóun mú ọmọ ẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 11, lọ sọ́dọ̀ máàdámú kan, pé owó oṣù ọmọ lòun á máa gbà títí gbèsè á fi tán. Ọmọ ti lọ láti oṣù tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìyá ẹ̀ gbọ́ ohùn ẹ̀, obìnrin yẹn ló sì di fóònù mú. Àbúrò mi pariwo nílé, àmọ́ bàbá àgbà wọn ní kí ló dé, pé ṣé kò mọ̀ pé wọ́n fi ìyá tó bí ìyá àwọn ṣe ìwọ̀fà rí ni, ṣé ìyẹn kú? Wọ́n ní àṣà wa ni. Ó wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni pé àṣà wa ni? Èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọ yìí, ìwọ̀fà ni àbí òwò ẹrú?"

Àbúrò mi, o ṣé gan-an tó ò dákẹ́. Bàbá àgbà yín ò parọ́ o, ìwọ̀fà wà dáadáa, kò sí bí a ṣe fẹ́ fọwọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Àmọ́ ìlàjì ìtàn ni wọ́n sọ fún ẹ. Tí wọ́n bá sọ ọ́ tán pátá, wàá rí i pé ohun tí obìnrin yẹn ṣe yìí, àwọn baba wa tó ń fọmọ yáwó gan-an ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wá ibì kan jókòó sí, torí mi ò ní lè sọ ọ́ ní kúkúrú, ìtàn ni mo fi ọdún gbọọrọ kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdìrì, ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni mo wá ń bá àwọn tó ń gba ọmọ sílẹ̀ ṣe wọléwọ̀de, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí dùn mí níhà méjèèjì.

Kí là ń pè ní ìwọ̀fà? Owó ni wọ́n ń yá. Láyé ìgbà yẹn kò sí báńkì, kò sí àwọn tó ń yáni lówó orí fóònù tí wọ́n á wá máa fi fọ́tò ẹni ránṣẹ́ káàkiri ẹbí (ọ̀rọ̀ tàwọn yẹn tọ́ sí ọjọ́ ara ẹ̀). Tí ìnáwó bá dé, òkú àgbà tí wọ́n fẹ́ sin, ìyàwó tí wọ́n fẹ́ gbé, ẹjọ́ tó gbówó lọ́wọ́ èèyàn, èèyàn á lọ bá olówó pé kó yá òun lówó, dípò èlé, iṣẹ́ ni wọ́n fi ń san án. Ẹni tó yáwó lè máa lọ ṣe é fúnra ẹ̀ l'óko olówó, ó sì lè fi àbúrò ẹ̀ tàbí ọmọ ẹ̀ sílẹ̀ kó máa bá a ṣe é. Ẹni yẹn ni ìwọ̀fà. Gbọ́ èyí dáadáa o, torí ibẹ̀ gan-an ni egungun ọ̀rọ̀ wà: iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe, èlé ni, kò yọ ẹyọ owó kan ṣoṣo kúrò nínú gbèsè. Kó ṣe é fún ọdún 10, lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbà á sílẹ̀, odindi owó tí wọ́n yá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n máa kà sílẹ̀ pé pérépéré.

Síbẹ̀ ìwọ̀fà kìí ṣe ẹrú. Samuel Johnson tẹnu mọ́ èyí gan-an nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ. Ní 1897 ló parí ìwé yẹn, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó, ìwé yẹn sọnù, Johnson fúnra ẹ̀ kú, àbúrò ẹ̀ Obadiah ló tún un tò jọ tó fi jáde ní 1921, o ò rí i pé ìtàn wa náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹrú tó sọnù lójú ọ̀nà. Ohun tí Johnson sọ ni pé ọmọ bíbí ni ìwọ̀fà, ipò ẹ̀ láwùjọ ò yí padà, ẹ̀tọ́ ẹ̀ nínú ìlú wà síbẹ̀. Àgbàlagbà tó bá jẹ́ ìwọ̀fà ń sùn nílé ara ẹ̀, ó ní oko ara ẹ̀, ìwọ̀nba àsìkò tí wọ́n jọ fẹnu kò sí ló ń lọ sọ́dọ̀ olówó, tó bá ti ṣe tiẹ̀ tán ó di ilé. Olówó ò lè tà á. Wọn kìí sì í yá owó yẹn ní kọ̀rọ̀, ẹlẹ́rìí máa ń wà ńbẹ̀, onígbọ̀wọ́ máa ń wà, gbogbo ilé ló mọ iye tí wọ́n gbà.

Ẹrú ní tiẹ̀, ojú ogun ni wọ́n ti sábà máa ń kó o, tàbí kí gbọ́mọgbọ́mọ jí i lójú ọ̀nà oko. O mọ Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther tí gbogbo wa ń kà nípa ẹ̀ níléèwé, èyí tó túmọ̀ Bíbélì. Ọmọdé tó tó nǹkan bí ọdún 12 tàbí 13 ni nígbà tí ogun wọ ìlú wọn, Òṣogùn, ní 1821. Wọ́n kó òun àti ìyá ẹ̀ àti àwọn àbúrò ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, wọ́n sì yà wọ́n. Wọ́n fi í ṣe pààrọ̀ ẹṣin, ẹni tó ni ẹṣin ní ẹṣin yẹn ò tẹ́ òun lọ́rùn, wọ́n tún dá a padà bí ẹni dá ọjà padà, wọ́n tún tà á, wọ́n tún tún un tà, wọ́n fi í gba tábà àti ọtí. Ó sọ ọ́ fúnra ẹ̀ pé ìgbà kan wà tóun fẹ́ fi ìgbànú òun fún ara òun lọ́rùn lóru. Nígbà tó yá ó dọ́wọ́ àwọn Potogí l'Èkó, wọ́n kó o sọ́kọ̀, ọkọ̀ ogun òyìnbó dá ọkọ̀ yẹn dúró ní oṣù kẹrin 1822, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Freetown. Ọdún 1846, l'Abẹ́òkúta, ló tó fojú kan ìyá ẹ̀. Ṣírò ẹ̀ wò, ọdún 25! Ó ti di àlùfáà kí ìyá ẹ̀ tó mọ̀ pé ó wà láàyè.

Òwe kan wà tí ìyá mi máa ń pa tí mi ò mọ bó ṣe wúwo tó nígbà tí mo wà lọ́mọdé: ẹrú kú, ìyá ò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú náà ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá ẹ̀. Àbúrò mi, tó o bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín ìwọ̀fà àti ẹrú, má wo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, torí iṣẹ́ kan náà ni wọ́n lè máa ṣe lóko kan náà. Ìyá ni kó o wò. Ìyá ìwọ̀fà ń gbọ́. Tí ọmọ bá ń ṣàìsàn, ìyá ẹ̀ á gbọ́ kílẹ̀ tó ṣú, tí wọ́n bá nà án nínà ìkà, ẹbí á ya lọ bá olówó. Ìyá ẹrú ò gbọ́ nǹkan kan. Kó o fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Kó má sì dà bí ìtàn ọ̀nà jíjìn, Òṣogbo tiwa yìí wà láàárín gbùngbùn ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1840 làwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin níbí, àwa náà sì ń fi yangàn títí dòní. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ogun tí wọ́n ń jà láyé ìgbà yẹn, ìkógun ló ń bọ́ ọ, èèyàn sì ni olórí ìkógun. Nígbà tí Ìbàdàn fọ́ Iléṣà ní 1870, nígbà ogun Jálumi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkìrun ní 1878, ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ja Kírìjí láti 1877 sí 1893, ọmọdé ni wọ́n ń kó, torí ọmọdé ò lè sá jìnnà, kìí sì í pẹ́ gbàgbé ilé. Àwọn tó wà nídìí òwò yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn kan wà tí wọ́n ń pè ní Àìná, kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà táwọn ará Dàhọ́mì kó ìlú wọn ní 1848, ọba Dàhọ́mì fi í ta ọ̀gá ọkọ̀ òyìnbó kan lọ́rẹ ní 1850, ìyẹn ló mú un lọ bá Ọbabìnrin Victoria, tí wọ́n wá ń pè é ní Sarah Forbes Bonetta. Àwọn èèyàn máa ń sọ ìtàn yẹn bí ìtàn ire. Èmi ò lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n pa òbí ẹ̀, tí wọ́n wá fi ta èèyàn lọ́rẹ bí ẹní gbé àwo fúnni.

Ó dáa, ká padà sọ́dọ̀ bàbá àgbà yín. Ohun tí wọn ò sọ fún ẹ ni bí ìwọ̀fà ọmọdé ṣe rí. Gbogbo ohun rere tí mo kà sílẹ̀ lókè yẹn, pé ó ń sùn nílé ara ẹ̀, pé ó ní àsìkò tiẹ̀, ti àgbàlagbà ni. Ọmọdé ò ní ilé ara ẹ̀. Ọ̀dọ̀ olówó ló ń gbé, tọ̀sán tòru ló sì wà níbẹ̀, òun ló ń pọnmi, òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń gbé ọmọ olówó pọ̀n. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru, wọn ò kàn déédéé pa á. Tó bá jẹ́ obìnrin, ọ̀rọ̀ ẹ̀ tún ń lọ́ mọ́ ti ìgbéyàwó, olówó tàbí ọmọ ẹ̀ á fẹ́ ẹ, gbèsè á sì parẹ́, gbogbo èèyàn á ní ó ti bọ́ sí i. Ta ló bi ọmọ yẹn léèrè? Bàbá mìíràn sì wà tó jẹ́ pé bó ṣe rí owó gbà báyìí ló ti gbàgbé, tọ́dún ń gorí ọdún, tí ọmọ ń san èlé owó tí kò fẹnu kàn. Nítorí náà nígbà tí bàbá àgbà yín ní "ṣé ìyẹn kú", o lè fi pẹ̀lẹ́ bi wọ́n pé ṣé kí ọmọ má ṣáà ti kú nìkan la bímọ fún. Àwa tá à ń sọ ọmọ ní Ọmọjówó!

Ìgbà òyìnbó ló tún wá yani lẹ́nu jù. Èèyàn á rò pé bí wọ́n ṣe dé ni gbogbo ẹ̀ tán. Wọ́n yìnbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, Ọba Akíntóyè fọwọ́ síwèé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 1852 pé òwò ẹrú ti parí, lóòótọ́ títa èèyàn sókè òkun rọlẹ̀. Àmọ́ nílẹ̀ wa níbí, lẹ́yìn tí ogun Kírìjí tán tí àwọn ẹrú bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé wọn, kòkó dé. Kòkó fẹ́ ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́. Rélùwéè wọ Òṣogbo ní 1907, ọjà ṣí, oníkálukú fẹ́ gbin kòkó, ẹrú ò sí mọ́, kí ni wọ́n wá ṣe? Ìwọ̀fà ni wọ́n yíjú sí, ó sì wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láwọn ibì kan. Ẹni tó fẹ́ dáko kòkó yáwó, ó fọmọ sílẹ̀, ẹni tó ti ní oko kòkó yá èèyàn lówó, ó gba ọmọ. Ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, nínú àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alábẹ̀bẹ̀ tá à ń fi yangàn pé owó kòkó ni wọ́n fi kọ́, òógùn ìwọ̀fà wà nínú bíríkì òmíì. Àgbáyé ṣèpàdé òfin lórí oko ẹrú ní 1926, láàárín ọdún yẹn sí àwọn ọdún 1930 ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í fòfin de fífi ọmọ ṣe ìwọ̀fà. Ṣùgbọ́n àsìkò yẹn náà ni owó kòkó já wálẹ̀, gbèsè sì ń pọ̀, nítorí náà kò tán, orúkọ ló pa dà. Wọn ò pè é ní ìwọ̀fà mọ́. Wọ́n ní ọmọ "ń gbé lọ́dọ̀" lágbájá.

Ibi tí nǹkan ti lọ́ pọ̀ gan-an nìyẹn, torí gbígbé lọ́dọ̀ èèyàn kìí ṣe nǹkan burúkú látilẹ̀. Èmi gan-an gbé lọ́dọ̀ àǹtí mi fún ọdún mẹ́rin, mo kiri mọ́ínmọ́ín n'Ísàlẹ̀-Ọ̀ṣun láàárọ̀ kí n tó lọ síléèwé, mi ò sì ní sọ pé wọ́n fi mí ṣẹrú. Àǹtí mi fi mí síléèwé, ó rà yúnífọ́ọ̀mù fún mi ṣáájú ọmọ ẹ̀, tí mo bá fẹ́ rí ìyá mi mo ń rìn lọ ni. Tí wọ́n bá mú ọmọ lọ kọ́ iṣẹ́, tẹ́lọ̀ ni o, mẹkáníìkì ni o, aró rírẹ ni o, ó ní ọdún tó máa lò, ó ní ọjọ́ tó máa gba frídọ̀mù, tó bá jáde iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ ẹ̀. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955, ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọn ì bá fi sílé onílé wọ kíláàsì. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn gba ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ìwọ̀fà ju gbogbo òfin òyìnbó lọ.

Níbo ló ti wá bàjẹ́? Èjẹ́ńtì ni. Owó epo dé láwọn ọdún 1970, Èkó kún, àwọn obìnrin ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ń wá ọmọ ọ̀dọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò ò sì tó mọ́ torí wọ́n ti wà níléèwé. Ni àwọn kan bá sọ ọ́ di iṣẹ́, wọ́n ń wọ abúlé lọ kó ọmọ, wọ́n ń rékọjá bọ́dà. Ẹni tó mú ọmọ lọ ò mọ ìyá ẹ̀, ẹni tó gbà á ò mọ ilé wọn. Ní 2001, ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní Etireno gbéra láti Kútọnú l'órílẹ̀-èdè Benin lọ sí Gabon, ọmọdé wà nínú ẹ̀, wọn ò jẹ́ kó gúnlẹ̀, ó ń rìn gbéregbère lójú òkun tí gbogbo ayé ń wá a. Ní 2003, wọ́n rí àwọn ọmọ ilẹ̀ Benin tí wọ́n kó wá máa fọ́ òkúta níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta l'ágbègbè Abẹ́òkúta, iye tí wọ́n dá padà sílé lé ní 200. Abẹ́òkúta o! Ìlú tí Crowther ti bá ìyá ẹ̀ pàdé. Àwa tí wọ́n kó lọ tà lánàá la wá ń kó ọmọ ọlọ́mọ wá fọ́ òkúta. Kí ó tó pẹ́ ọ̀rọ̀ náà tún yí bírí, àwọn ọmọbìnrin tiwa ni wọ́n ń tàn lọ sí Mali, sí Líbíyà, sí Oman, sí Lẹ́bánónì. Oṣù kẹrin 2020, ẹnì kan ní Lẹ́bánónì gbé fọ́tò páspọ́ọ̀tù obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan sórí Facebook, ó ní òun ń tà á ní 1,000 dọ́là. Ariwo tí àwọn èèyàn pa ni ìjọba ibẹ̀ fi mú un.

Wá wo ohun tí obìnrin yẹn ṣe fún ẹ̀gbọ́n ẹ báyìí. Ó ní títí gbèsè á fi tán. Èló ni owó oṣù ọmọ? O ò kọ ọ́ sínú lẹ́tà ẹ, ó dá mi lójú pé torí ẹ̀gbọ́n ẹ gan-an ò mọ̀ ọ́n ni. Ta ló ń kà á? Òun fúnra ẹ̀. Tó bá ní ọmọ fọ́ àwo, owó àwo á kún un, tó bá ní ara ẹ̀ ò yá, owó oògùn á kún un, owó mọ́tò tó fi gbé e lọ ń bẹ níbẹ̀, kó o tó mọ̀ ₦150,000 ti di ₦300,000, ọmọ ti di ọmọ ọdún 15. Lábẹ́ ìwọ̀fà, gbèsè kìí dín, òótọ́ ni, ìkà gidi sì ni, àmọ́ kìí pọ̀ sí i náà, gbogbo ilé ló mọ iye ẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti gbé e wá ọmọ ń lọ sílé. Níbí, kò sí onígbọ̀wọ́, kò sí ẹlẹ́rìí, ẹ̀yin ò mọ àdúgbò tí ọmọ wà l'Èkó. Tí máàdámú yẹn bá tún gbé e fún ẹlòmíì, ta ló máa sọ fún yín? Ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀fà ṣe rárá nìyẹn. Ìyá ò sì gbọ́. Òwe yẹn ni mo ní kó o fi sọ́kàn. Ohun tó burú nínú ìwọ̀fà ni obìnrin yìí mú, ó da gbogbo ohun tó ń ká a lọ́wọ́ kò nù, ohun tó wá ṣẹ́kù yẹn, ẹrú ló ń jẹ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní àṣà létí ẹ mọ́.

Tó bá jẹ́ ti òfin ni, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ níbẹ̀. Láti 1956 ni àgbáyé ti fẹnu kò pé kí òbí fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 fún ẹlòmíì láti máa lo agbára ẹ̀, bó gba owó bí kò gba owó, ohun tó jọ oko ẹrú ni, fífi èèyàn san gbèsè náà wà níbẹ̀. Àdéhùn ti ọdún 2000 lórí fífi èèyàn ṣòwò tún fi kún un pé tó bá ti jẹ́ ọmọdé, ẹnikẹ́ni ò lè gbèjà ara ẹ̀ pé ọmọ gbà tàbí pé bàbá ẹ̀ gbà. Nàìjíríà ṣe òfin tiẹ̀ ní 2003, ìgbà yẹn ni wọ́n dá NAPTIP sílẹ̀, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, wọ́n tún òfin yẹn ṣe ní 2015, ó sì sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 síṣẹ́ ilé, tàbí tó wá a, tàbí tó gbé e lọ, tàbí tó gbà á sílé, ẹ̀wọ̀n ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ jẹ́ ọdún 11. Obìnrin yẹn wà ńbẹ̀, máàdámú náà wà ńbẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tó jáde ní 2003, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa náà ti sọ di tiẹ̀, ní kí wọ́n má gba ọmọ síṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ níbi tí kìí ṣe ilé tàbí ẹbí ẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń dẹ́rù bà ẹ́, pé wọ́n á mú ẹ̀gbọ́n ẹ náà. Mi ò ní purọ́ fún ẹ pé ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Àmọ́ bàbá tó bá tètè fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá pé ẹ gbà mí, wọ́n mú ọmọ mi lọ, ọ̀rọ̀ ẹ̀ kìí rí bákan náà pẹ̀lú ẹni tí wọ́n wá mú nílé. NAPTIP ní ọ́fíìsì níbí l'Òṣogbo, ẹ ò ní láti wọ mọ́tò lọ sí Àbújá. Nọ́ńbà wọn tí kìí gba owó ni 627. Ẹ tún lè gba ọ̀dọ̀ àwọn wẹ́fíà káńsù yín lọ, èmi á bá yín dé ibẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ kó gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ jọ, nọ́ńbà fóònù obìnrin yẹn, àkáǹtì tó fi sanwó, WhatsApp tí wọ́n jọ fi sọ̀rọ̀, fọ́tò ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yà, ọjọ́ tó lọ àti gáréèjì tí wọ́n ti wọkọ̀. Má jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò lọ dá a dúró kí wọ́n lù ú o, mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀, ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n kó ọmọ kúrò níbi tó wà, ó gba oṣù mẹ́ta ká tó tún rí i.

Gbèsè ńkọ́? Gbèsè jẹ́ gbèsè, ẹ̀gbọ́n ẹ ló jẹ ẹ́, ọmọ ò jẹ ẹ́. Kó máa san án díẹ̀díẹ̀, kó wọ àjọ kan, kẹ́ ẹ jọ dá a jọ ní ẹbí, kó gba ìwé lórí iye tó bá san. Ẹbí yìí kan náà ló máa kówó jọ ra aṣọ tí òkú bá dé, mo ti ń gbé l'Òṣogbo tipẹ́, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa.

Lálẹ́ òní, kí ìyá ọmọ pe nọ́ńbà yẹn, kó fohùn jẹ́jẹ́ ni o, kó má bínú, kó ní òun kàn fẹ́ gbóhùn ọmọ òun, òun nìkan, kí ó má wà lórí sípíkà. Kó bi í ní ohun tó jẹ láàárọ̀ àti orúkọ ọjà tó wà nítòsí wọn. Tí wọ́n bá kọ̀, kẹ́ ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà NAPTIP láàárọ̀ ọ̀la kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

Bàbá àgbà yín sì ńkọ́, má bá wọn jà. Jókòó tì wọ́n kó o bi wọ́n pé, ìyá ìyá wọn yẹn, ta ló rà á padà, ọdún mélòó ló lò níbẹ̀, kí ló máa ń sọ nípa ẹ̀ nígbà tó darúgbó. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ.